Ọjọ́ tí Rájí dọ̀bálẹ̀ fún ìjàpá òkun

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Rájí, ọkọ mi, dọ̀bálẹ̀ fún ìjàpá òkun ní Ìdúmàgbò. Múfú apẹja ti so ó mọ́lẹ̀, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ni Rájí bá nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ tí omíyalé fi sílẹ̀ ládùúgbò.

"Màmá, ẹ má bínú! A da ọ̀rá àti ike sílé yín nínú òkun, ẹ wá fi omi òkun ránṣẹ́ sílé wa."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sàláwà, aládùúgbò wa, ní, "Múfú, ṣé o máa pa ẹni tí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún ni?"

Ojú ti Múfú, ó tú okùn, a gbé ìjàpá padà sómi.

Rájí ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Irú wọn ń run lọ."

Lọ́jọ́ tí Rájí kú, omi kún ilé wa débi pé orí tábìlì la tẹ́ ẹ sí. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó bá ìjàpá sọ, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó sunkún.