Sùtánà Mẹ́jọ Tí Ìyá Mi Rán fún Fídíò

Òórùn kan wà tí mi ò gbọ́ mọ́ láyé ìsinsìnyí: òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ funfun tí wọ́n ti rì bọ sítáàsì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Àgbádárìgì mọ ohun tí mò ń wí. Ní agboolé wa lẹ́bàá ọ̀sà, òun ló ń jí mi láràárọ̀, kí èéfín ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́yìn ògiri tó dé bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ìyá mi ti parí sùtánà kan nìyẹn.

Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ìfọ́nnu í ṣe: láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ìkógà, kò sí ẹni tó lè rán sùtánà bí ìyá mi. Ìjọ aláṣọ funfun tá à ń lọ kì í gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìyá mi kò ní jẹun àárọ̀ títí á fi gba ojú rírán àkọ́kọ́ já. Kò ní wọ bàtà nídìí ẹ̀rọ, torí pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà sí sùtánà; ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ̀ ọ́. Lábẹ́ kọ́là, níbi tójú ò tó, á fi òwú aláwọ̀ aró ta kókó kékeré kan. Á wá sọ fún mi ní èdè Ègùn pé, "Ẹni tó ń rán aṣọ funfun, ọwọ́ ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ẹ̀." Iṣẹ́ yẹn ni iyì rẹ̀. Opó ni, kò ní ilẹ̀, kò ní ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ ló wọ ọwọ́ rẹ̀ sọ́rùn.

Èmi, ìwé kẹrin ni mo kà dé, mi ò sì sunkún rẹ̀ rí. Ohun tí Ọlọ́run fún mi, ẹnu ni. Abúlé odò ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá, Ègùn nìkan ló gbọ́ dáadáa. Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ti ọjà: èló ni, ó ti wọ́n jù, gbé e wá. Èmi ni mo ń túmọ̀ fún un látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bí oníbàárà bá ti ọ̀nà Èkó dé.

Ọdún tí mo pé mẹ́wàá ni orin náà jáde. "Ẹsẹ̀ Mi Ò Kanlẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Obìnrin ará Èkó kan ló kọ ọ́. Ha! Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, kò sí rédíò tí kò kọ ọ́. Àwọn awakọ̀ Àràdágùn ń kọ ọ́, àwọn apẹja ń fi wa ọkọ̀, àwọn ọmọ ilé kéú ń kùn ún lábẹ́ ètè. Orin ìfẹ́ ni: ọmọbìnrin náà ní látọjọ́ tí òun ti rí olólùfẹ́ òun, ẹsẹ̀ òun ò kan ilẹ̀ mọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n kọ jù ní gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti dígí dúdú lójú, ó sì sọ fún ìyá mi, ní Yorùbá tó ń sáré ju mọ́tò rẹ̀ lọ, pé sùtánà mẹ́jọ lòun ń fẹ́. Ìyá mi wo ojú mi. Mo bi ọkùnrin náà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

"Fídíò la fẹ́ yà létí òkun yín níbí. Ẹsẹ̀ Mi Ò Kanlẹ̀. Ṣó o mọ orin yẹn?"

Orí mi wú. "Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Àwọn oníjó ló máa wọ aṣọ náà. Bó o bá bá mi bá màmá ẹ sọ̀rọ̀ tó gbà, wàá wà nínú ẹ̀."

"Kí ló wí?" Ìyá mi ló bi mí ní Ègùn.

Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè dárúkọ ijó, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo ní, "Akọrin ìjọ kan ní Èkó ni wọ́n. Àjọ̀dún ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn."

"Ìjọ wo?"

Mo dá ìjọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sọ ọ́ lórúkọ, mo sì fi wòlíì kan jẹ níbẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ fún ọkùnrin náà pé kó bá òun kí wọn. Òwúrọ̀ mẹ́jọ ló fi gbààwẹ̀ lórí sùtánà mẹ́jọ yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yà á, mo bá wọn wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sétí òkun. Ohun tí mo rí, mi ò tíì rí irú ẹ̀ dòní. Wọ́n gbé páànù dídán kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn, tó ń ta oòrùn padà sójú èèyàn. Wọ́n tẹ́ pákó sórí iyanrìn, wọ́n da omi sí i kó lè máa kọ mànà. Lẹ́yìn náà ni olórin náà jáde lábẹ́ igi àgbọn. Kúkúrú ni o! Mo ti rò pé á ga tó igi àgbọn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bó ṣe lanu báyìí, àfi bíi pé òkun alára dákẹ́ kó lè gbọ́. Àwọn oníjó mẹ́jọ tò tẹ̀ lé e nínú sùtánà ìyá mi, funfun báláú, afẹ́fẹ́ ń gbé e bí ìgbòkun. Mo wo ìsàlẹ̀. Bàtà pupa gogoro ló wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mọ ohun tí mò ń wò. Ọkùnrin onídígí pariwo pé, "Ó yá, sáré!" Mo gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ léjìká, mo sáré kọjá níwájú wọn, eyín mi síta.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnu mi ò gbélé. Èmi Sẹ̀tónjí ń bọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n! Ọmọ aládùúgbò wa kan ní, "Ìwọ tí orí ẹ tóbi ju àpótí tẹlifíṣọ̀n lọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí ẹ kì sí i?" Nírọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde, mo fa ìyá mi lọ́wọ́ lọ sílé Bàbá Kọ́sítọ̀ọ̀mù, aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní àwọ̀. Mo fẹ́ kó rí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ohun mìíràn tó máa rí.

Mo jáde lóòótọ́. Ilé hó yèè: "Sẹ̀tónjí rèé!" Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ni, mo ti kà á. Ni kámẹ́rà bá sún mọ́ àwọn oníjó. Afẹ́fẹ́ ṣí kọ́là ọ̀kan nínú wọn, kókó òwú aró sì hàn gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàtà.

"Bàtà? Sí sùtánà?" Ìyàwó Bàbá Kọ́sítọ̀ọ̀mù fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá mi ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Akọrin ìjọ," jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí.

Ìlú gbiná. Ní Èkó, a gbọ́ pé aṣọ tí omi mú lẹ̀ mọ́ àwọn oníjó náà lára ló ń bí wọn nínú. Lọ́dọ̀ tiwa, bàtà ni. Tẹlifíṣọ̀n yọ ọ́ kúrò. Àwọn oníwàásù ń gégùn-ún, àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ń rẹ́rìn-ín, torí bí wọ́n ṣe ń bú orin náà tó ló ń ràn tó.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, àwọn àgbààgbà ìjọ pe ìyá mi síwájú. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, èmi náà kúnlẹ̀ tì í. Alàgbà tó ṣolórí wọn bi í ní Ègùn pé, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Mo lanu. Ohùn ò jáde. Ìyá mi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Mo mọ̀, Bàbá."

Wọ́n gba iṣẹ́ sùtánà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bá a ṣe ń lọ sílé, mo bú sẹ́kún, mo ní kí ló dé tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi, wọ́n á ní mo ṣàṣìṣe. Ìwọ, òpùrọ́ ni wọn ì bá máa pè ẹ́ títí irun ẹ á fi funfun." Aṣọ ilé-ìwé àti búláòsì àwọn ẹlẹ́ja ló ń rán títí ọlọ́jọ́ fi dé. Sùtánà tá a fi sin ín, ọwọ́ ẹlòmíràn ló rán an.

Ẹ wò mí lónìí. Èmi ni mo kan èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tó ń kó èrò lórí ọ̀sà yìí, ìwé kẹrin mi ò dí mi lọ́wọ́. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí fídíò náà he lórí fóònù. Wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní kí ló burú níbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ mí di Ọ̀gá Fídíò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó korò lẹ́nu mi.

Mo gba ilé Alàgbà yẹn lọ. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, àwọn ọmọ ló ń mú un jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: èmi ni mo purọ́, ìyá mi ò mọ nǹkan kan. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Sẹ̀tónjí. Ìyá ẹ tí kò gbọ́ Yorùbá? Ta ni ì bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ará Èkó yẹn fún un bí kò ṣe ìwọ? Gbogbo wa la mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ níwájú wa, ó ní òun mọ̀. Ìyá ló ń fi ara ẹ̀ ra ọmọ. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa ní kó má rà á?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò pa mí lẹ́nu mọ́ rí, ní Ègùn tàbí ní Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dákẹ́ níwájú àwọn àgbà nígbà náà, ìbẹ̀rù ló dì í lẹ́nu. Èmi baba ọlọ́mọ mẹ́rin tó dákẹ́ lórí ilẹ̀ Alàgbà, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ìyá mi ṣe tóbi tó ni, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ tó lè gbé e.