Pupa Tí Omi Ń Bò

Abẹ́ ọkọ̀ òkun ni Ìyá Ọlọ́dà ti ń rí ojú ọ̀run tirẹ̀. Ọ̀run ọ̀hún pupa, irin ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ga ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó lọ. Bí ó bá wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó, tí ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, ariwo àwọn tó wà lókè á rọra máa dín kù létí rẹ̀ títí yóò fi kú pátápátá. Á wá máa ṣe é bíi pé ẹja ni òun, bíi pé omi tí wọ́n fà jáde kò lọ síbì kan, ó kàn di afẹ́fẹ́ ni.

Kòtò ńlá kan ni ibi iṣẹ́ náà. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ní ilẹ̀kùn irin níhà òkun. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ tún ara ṣe, wọn á ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á wọlé tòun tomi, wọn á ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ á sì fa omi jáde. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọkọ̀ á máa bá a lọ, títí ìdí rẹ̀ yóò fi jókòó lórí àwọn ìtì igi tí wọ́n ti tò dè é. Ọkọ Ìyá Ọlọ́dà ló ń to àwọn ìtì wọ̀nyẹn. Bàbá Onígẹdú ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó fẹ́ràn kí nǹkan gún régé débi pé, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ tún àwo tò kí ó tó jẹun.

Níbi tí iṣẹ́ ọkọ parí sí ni ti ìyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́fà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fá ìkarahun àti koríko omi kúrò lára ọkọ̀, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sì kùn ún ní ọ̀dà pupa láti ìdí dé ibi tí omi ń dé. Àwọn èèyàn a máa sọ pé oge lásán ni pupa yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n rí lára bàbà ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọ̀dà kí ìkarahun má baà lè lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, òun ló sì sọ ọ̀dà di pupa. Lónìí, a lè po ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ tó bá wuni, ṣùgbọ́n pupa ti mọ́ àwọn atukọ̀ lójú. Pupa náà ni àtùpà apá òsì ọkọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè lè mọ ìhà tó kọ sí i. Pupa ni àsíá tí wọ́n ń ta sókè nígbà tí wọ́n bá ń gba epo. Gbogbo ayé ló ń rí àwọn ìyẹn. Ti Ìyá Ọlọ́dà ni omi ń bò.

Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

"Ẹ yé pe gbogbo rẹ̀ ní pupa," ni ó máa ń wí fún àwọn obìnrin rẹ̀. "Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú garawa, pupa fòò ni. Èyí tó ti lọ tó ti bọ̀, pupa rúsúrúsú ni. Ìpẹtà ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àwọ̀, àìsàn ni."

Ohun kan wà tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe: kò lè dé ibi tí ọkọ̀ ti fara ti ìtì. Ibi tí ìtì bá bò á ṣẹ́kù láìkùn, onígun mẹ́rin, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá Ọlọ́dà ń pè wọ́n ní fèrèsé. Nítorí èyí, bí ọkọ̀ kan náà bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó ń to ìtì gbọ́dọ̀ sún wọn kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí fèrèsé ìjọ́sí lè bọ́ síta, kí wọ́n sì rí i kùn. Wíwá fèrèsé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Ọlọ́dà ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ Bàbá Onígẹdú. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí ó fẹ̀yìn tì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, tó wá fèrèsé títí, tí kò rí ẹyọ kan.

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń lo garawa. Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè fi pa á.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń wá láti àárọ̀? Ṣé òrùka yín ló já bọ́ ni?"

"Fèrèsé ni mò ń wá."

"Bóyá ẹ ti kùn wọ́n tán lójú àlá. Ẹ kúkú máa ń tòògbé lábẹ́ ibí."

"Bá mi di tọ́ọ̀ṣì yìí mú, kí o gbẹ́nu dákẹ́."

Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó tì í bọ àárín ìtì àti ara ọkọ̀, ó sì rọra fà á jáde. Ìpẹtà wó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ìtì kejì, níbi ẹ̀kẹta. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí.

Rédíò tan tọ́ọ̀ṣì sára ìtì náà. Ó ní, "Ìyá, ibi tí wọ́n to ìtì sí nígbà yẹn náà ni wọ́n tún tò ó sí. Ibẹ̀ ò ì tíì rí ọ̀dà láti ọdún mẹ́ta. Bàbá ni wọ́n sì..."

"Mo mọ ẹni tó tò ó. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, ìwọ ni n ó mú."

Ó tún fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti bá ọkọ̀ náà lọ sójú òkun. Ó rí i ní ọdún mẹ́ta sí i, tí irin ibi àìkùn wọ̀nyẹn ti fẹ́lẹ́ bí aṣọ àlòjù. Ó rí omi iyọ̀ tó ń fi ìka kan ṣoṣo kan fèrèsé, tó, tó, tó, láìkánjú. Lókè, àwọn atukọ̀ ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó fa aṣọ bo etí, ó ṣe bí ẹni pé òjò ni.

Nígbà tí ó délé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ dúró níwájú dígí nínú kóòtù eléérú tí ọmọbìnrin wọn rán fún ọjọ́ ìdágbére.

"Wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ọ̀gá?"

"Ẹ jọ ọkọ ìyàwó."

"Ti ìyàwó wo?"

"Ẹ lọ bi ẹni tó ń fi ata sọ́bẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń de bọ́tìnnì. "Ọ̀gá ní òun á kà á sí gbogbo èèyàn létí pé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí ìtì tí mo tò tí wọ́n ní kí n wá tún tò. Ẹyọ kan kò sí!"

Ìyá Ọlọ́dà sún mọ́ ọn, ó ń ṣa òwú tó lẹ̀ mọ́ apá kóòtù. "Ti ọkọ̀ yìí, ṣé ẹ wo ìwé kí ẹ tó tò ó?"

"Ìwé wo? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń wo ìwé. Inú orí mi níbí ni ìwé mi wà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Orí ọkọ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Ó rántí ọkọ̀ náà, ó rántí ibi tí ìtì kọ̀ọ̀kan wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì fi ìwọ̀n ìka kan yẹ̀. Ohun tó rántí ló tò, kò sún un. Ìyàwó fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá ojú ọkọ rẹ̀ pàdé nínú dígí, ó rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó, òwú náà ni ó sì ń ṣa lọ, bí òwú tilẹ̀ ti tán.

Wọ́n kun ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀sán gangan ni wọ́n fẹ́ ṣí omi sílẹ̀. Nígbà tí ó ku wákàtí kan, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ létí kòtò.

"Bàbá Onígẹdú, ẹ wá bá mi wo nǹkan lábẹ́ ọkọ̀."

"Nísinsìnyí? Omi ti fẹ́ wọlé."

"Òun ni mo ṣe ní kí ẹ wá."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, ọ̀dà tuntun gbà á, ó sì tàn án padà sára wọn, títí ojú àti ọwọ́ àwọn méjèèjì fi pọ́n. Ó dà bí ẹni pé inú èso pupa kan ni wọ́n wà.

"Ó dára," ni ọkọ wí. "Iṣẹ́ rẹ dára."

"Ẹ bá mi wá fèrèsé kan níbẹ̀. Ẹyọ kan péré. Ẹ wá ojú ibi tí ìtì wà níjọ́sí."

Ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ìyàwó dúró, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ síwájú. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà ń falẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó dúró. Ó pẹ́ kí ó tó padà wá, ó sì dojú garawa kan dé, ó jókòó lé e.

"Kò sí," ni ó wí.

"Kò sí."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi. Àti Rédíò."

"Rédíò! Gbogbo èbúté ti gbọ́ nìyẹn."

"Kò sọ fún ẹnì kankan."

"Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ wọ kóòtù."

"O ń wò mí nínú dígí, o sì ń ṣa òwú."

"Mi ò mọ ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè gbé ẹjọ́ yín lọ bá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yìí bá lọ báyìí, mi ò ní lè sùn títí á fi padà."

Bàbá Onígẹdú gbé ojú sókè sí pupa náà. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ láìwẹ̀yìn. Láti ìsàlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohùn ọ̀gá kòtò.

"Ẹ ní kí ni? Bàbá, ọ̀gákọ̀ ti di ẹrù rẹ̀!"

"Kí ó tú u. Èmi ni mo ṣì í tò. Àwọn ọlọ́dà kò jẹ̀bi nínú rẹ̀."

"Nígbà tí ẹ̀ ń fẹ̀yìn tì lọ́la?"

"Lọ́la á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi wọlé, kí ọkọ̀ léfòó, ká sún un síwájú ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sì tún fa omi. N ó dúró nídìí okùn fúnra mi."

Ọ̀gá náà pariwo, ó mí kanlẹ̀, ó tún pariwo. Lẹ́yìn náà, ó pàṣẹ kí wọ́n ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi ti gbẹ, fèrèsé mẹ́rìnlélógójì sì yọ láàárín pupa náà, gbogbo wọn dúdú, wọ́n dógùn-ún. Bàbá Onígẹdú ti wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú irin ìfá, nínú aṣọ iṣẹ́. Ọ̀gá yọjú létí kòtò.

"Bàbá, àwọn èèyàn ti pé fún ìdágbére. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan ni a ń dúró dè."

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n máa mu omi."

Nígbà tí ó fá ìpẹtà kúrò títí irin fi ń dán, Ìyá Ọlọ́dà fi búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, ọkùnrin náà kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra fà á wá sọ́dọ̀ ara yín. Rárá, ẹ tún un ṣe, ẹ ti fo igun."

"Ṣé báyìí lo ṣe ń sọ̀rọ̀ sáwọn obìnrin yẹn?"

"Àwọn yẹn mọ̀ ọ́n ṣe."

Rédíò bú sẹ́rìn-ín níbi tó wà. Ọkùnrin náà tún igun náà ṣe, ó sì bọ́ sí fèrèsé kejì. Ní báyìí, kò sọ̀rọ̀ mọ́, apá rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, ọ̀dà ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá Ọlọ́dà fẹ́ nù ún fún un, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ tì í lórí pákó, ó mú fèrèsé tó tẹ̀lé ti ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń kùn ún lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, láìyára.