Arábìnrin tí Wọ́n Ní Kí N Dá Padà Sílé Ọkọ

Ilé ọmọ mi ní Cypress, lẹ́bàá ìlú Houston ní ilẹ̀ òyìnbó, tóbi ju ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ lọ. Ó ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, ó sì ní tábìlì gígùn kan tí odidi ìdílé lè jókòó yí ká, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ń jẹun nídìí rẹ̀ lọ́sàn-án. Dókítà ni ọmọ mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Wọn a jáde kí oòrùn tó yọ, wọn a padà dé pẹ̀lú àárẹ̀ lójú, wọn a bi mí bóyá mo ti jẹun. Èmi a dáhùn pé mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. N kò bá wọn wíjọ́ nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n bá wá sí ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, tí gbogbo gbọ̀ngàn ń dìde dúró fún bí ó bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kì í tètè mọ bí a ti í jókòó sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò dìde.

Ènìyàn kì í rìn ní òpópónà wa. Ọkọ̀ ni í jáde láti inú gáréèjì, ilẹ̀kùn a sì tì fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí àwọn aládùúgbò. Wọn a juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀, wọn a sì kọjá lọ. Mo fi í sílẹ̀ nígbà tí ó yá, nítorí ìkíni tí kò ní ìdúró kò jọ ìkíni lójú mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń wá mi wá. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ni, tí kò tí ì pé ogójì ọdún, tí ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Òun ni ó ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stafford ní ọjọ́ Ìsinmi, àti ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí a ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Díákónì ni ọkọ rẹ̀, òun ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí náà ó máa ń ṣáájú lọ. Àwa méjèèjì nìkan ni í máa wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà sì gùn. A ó jiyàn lórí bí a ti ń se ẹ̀wà kí ó má baà ní òórùn, a ó jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orin ìyìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti yí padà. Bí mo bá tọ́ ọ sọ́nà jù, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Mọ́mì, ẹ tún ti sọ mí di ọmọ fọ́ọ̀mù ọ̀kan." Oríkì rẹ̀ ni mo fi ń pè é. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sí ẹlòmíràn tí ó tún ń fi pe òun. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ọmọ-ọmọ mi wà ní yunifásítì kan nínú ìlú. Yorùbá tí ó gbọ́ kò ju ti ìkíni àti ti oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n ó fi èyí tí ó ní bẹ̀ mí kí n wá sí ayẹyẹ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lórí ìdọ́gba obìnrin àti ọkùnrin, àti lórí bí a ó ti dẹ́kun ìwà ipá sí àwọn obìnrin. Arábìnrin náà ni ó gbé mi lọ. Ariwo ni mo rò pé n ó bá níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni tábìlì kéékèèké lábẹ́ igi, àti ọmọkùnrin kan tí ó dúró láìtijú, tí ó ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin. Àwọn yẹn dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Mo bu ọlá fún un nínú ọkàn mi.

Ohun tí ó wù mí jù ni yàrá kékeré kan nínú ilé tí ó wà lẹ́yìn àwọn igi náà. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ funfun jókòó síbẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní pípadé. Ọmọ-ọmọ mi ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn ọkàn lè wọlé, kí ó sọ ọ́, kí ó jáde. Ilé ìtọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà; nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ọ kò ní lè sọ ilẹ̀kùn tí o ń lọ. Mo ní ẹni tí ó ronú kan èyí mọ obìnrin. Arábìnrin náà ní òun ń lọ tọ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Ó ní èrò pọ̀ níbẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá ìjọ wa, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ dùn, ó ní a ó ṣe irú rẹ̀. A sì ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa ni a gbà ṣe é. Wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn ní méjì-méjì, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ kan náà mọ́ èjì kọ̀ọ̀kan, kí tọkọtaya lè jókòó pọ̀. Mo fa ìyá ìjọ sẹ́yìn díẹ̀, mo rán an létí yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, tí a bá ya àwọn ìyàwó sọ́tọ̀, àwọn ọkọ á ní à ń kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Àwọn ló máa gbé wọn wá, àwọn náà ló máa gbé wọn lọ."

Mo sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí wọ́n ní ipò mi yẹ ẹ́. Mo sọ ọ́ dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ wá ní kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ń lù ú nawọ́ sókè, kí a lè gbàdúrà fún un. Olúkúlùkù obìnrin jókòó ti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù. Kò sí ọwọ́ kankan lókè, àyàfi ti díákónì tí ó dúró nídìí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Pásítọ̀, èmi ni tèmi ń lù o. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbọ̀ngàn wó fún ẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. A gbàdúrà fún ilé gbogbo ní àpapọ̀, a sì jẹ ìrẹsì.

Ọmọ mi ni ó gbé mi wá ní ọjọ́ náà, nítorí náà arábìnrin náà wá dágbére fún mi. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn láti súre fún un, gẹ́gẹ́ bí àgbà ti í ṣe. Ara rẹ̀ sá kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni tí iná ta sí. Ó gbójú sókè wò mí. Ọkọ rẹ̀ ń ká wáyà ní ìtòsí wa. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo dá a dúró sí òfuurufú lókè ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì parí àdúrà náà bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àmín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo wọṣọ, mo jókòó dè é, kò wá. Ìyá ìjọ ni ó tẹ̀ mí láago. Ó ní ìyàwó díákónì ti kó jáde, ó wà ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Sharpstown, ọkọ rẹ̀ sì ti wá bá àwọn pẹ̀lú omijé, ó ń búra pé irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́. Ó ní a gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ayé tó gbọ́. Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn ìyá wa ti í ṣe é nílé. Àwọn àgbà obìnrin a lọ bá ìyàwó tí ó bínú jáde, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn a síwájú. Bí ìyàwó bá ti kúnlẹ̀, tí àgbà náà sì dì í lọ́wọ́ mú, tí ó gbé e dìde, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ tí a bí ire kì í já ọwọ́ gbà mọ́ àgbà lọ́wọ́. Yóò gbé ẹrù rẹ̀, yóò sì tẹ̀lé wọn.

Ìyá ìjọ ní, "Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa, Mọ́mì. Tí ẹ bá ti dì í lọ́wọ́ mú báyìí, ó parí."

Mo tẹ̀lé wọn, èmi, ìyá ìjọ, àti igbá-kejì rẹ̀. Àpáátímẹ́ǹtì náà wà ní òkè, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì le fún orúnkún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí mi níwájú àwọn yòókù, ó sì mọ ohun tí a bá wá. Ó kúnlẹ̀ sí àárín yàrá. Ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kò sí ilé ọkọ tí kò ní wàhálà tirẹ̀, ó ní ọkùnrin tí ó sunkún níwájú pásítọ̀ ti yí padà. Nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀ tán, gbogbo wọn wo ọwọ́ mi.

Mo ní kí àwọn méjèèjì jọ̀wọ́ lọ dúró dè mí nínú ọkọ̀. Ìyá ìjọ ní a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo tún un sọ ní ohùn tí mo fi ń darí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Arábìnrin náà kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ padà. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n dìde, màá dìde. Mi ò lè já ọwọ́ gbà mọ́ yín lọ́wọ́."

Mo bi í bóyá ẹ̀yìn tí mo fọwọ́ kàn nìkan ni. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó ti pẹ́. Ó ní kí òun tó máa gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó wá sọ fún mi pé òun wọ yàrá obìnrin onírun funfun yẹn ní ọjọ́sí, pé ó ti bá òun wá ibi tí òun lè lọ, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí ọkọ òun kò ti ní rí òun. Wọ́n ní kí òun má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí mo bá na ọwọ́ sí i láti gbé e dìde, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo dá a padà. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo bínú sí i. Mo di àga mú, mo sì rọra sọ ara mi kalẹ̀, títí mo fi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. A wá jọ wà nílẹ̀. Kò sí àgbà lókè tí yóò gbé ẹnikẹ́ni dìde mọ́. Ó kọ́kọ́ ní, "Háà, Mọ́mì, orúnkún yín." Lẹ́yìn náà ni ó sunkún.

Mo ní, "Má padà."

Nígbà tí ó nu ojú tán, ó ní, "Ta ni yóò máa gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní, "Ṣé ìwọ ni o gbé mi wá sí ayé ni? N ó rí ọ̀nà lọ."

Ó ní òun lè sọ ibẹ̀ fún èmi nìkan, kí n lè máa gbúròó òun. Kò sí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn yóò bi mí, mo sì mọ ara mi: n kì í purọ́, bí mo bá sì dákẹ́, ojú mi yóò sọ ọ́. Mo ní, "Má sọ ọ́ fún mi. Má sì tẹ̀ mí láago láti ibẹ̀." Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo sì súre fún un láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Òun ni ó dì mí lọ́wọ́ mú, òun ni ó gbé mi dìde.

Mo sọ fún àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ pé n kò dì í lọ́wọ́ mú, àti pé kò ní padà. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà ńlá, ìyá ìjọ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti tú ilé onílé."

Mo ní, "Ó ti tú kí n tó dé ibẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ wá sí Cypress. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì, ó bẹ̀ mí kí n sọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Mo ní n kò mọ̀. Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, nítorí gbogbo ìjọ ni ó mọ̀ pé n kì í purọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ láìdágbére.

Kò sí ẹni tí ó bú mi. Wọ́n ṣì ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n nípa ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ̀ ìyá ìjọ ti kún, ọkọ̀ igbá-kejì rẹ̀ náà sì ti kún. Ọmọ mi a máa gbé mi lọ bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń wọ aṣọ ìsìn mi, mo máa ń wé gèlè mi, mo sì máa ń wo ìsìn lórí ẹ̀rọ nídìí tábìlì gígùn náà. Ohùn ìsìn náà máa ń já geere. Díákónì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ti di ìṣe mi báyìí pé kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń sọ ipò ojú ọjọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ní yìnyín ń bọ̀ níbì kan, mo máa ń rò ó pé kò ní ẹ̀wù tí ó nípọn tó. Bí wọ́n bá ní ìjì ń bọ̀ níbòmíràn, mo máa ń dúró títí wọn yóò fi sọ apá ibi tí yóò gbà. Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti sọ ti Houston kọjá."

Mo ní mo mọ̀, mo sì ní kí ó má tíì pa á.