Ilẹ̀ Tó Gbé Ọ̀pá Mì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi gan-an ni mo kọ ìwé tí wọn ì bá fi lé ìyá mi kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò fi ìkà kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó dán ni mo fi kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi àwòrán ilé alájà mẹ́ta sí iwájú rẹ̀.

Àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilẹ̀ náà wà. Sọ́míìlì ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ń la gẹdú níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí igi ńlá tán nínú igbó, àwọn tó ni ẹ̀rọ kó ayùn wọn lọ, ilẹ̀ sì padà sọ́wọ́ àdúgbò, ó wà lófìfo. Ó ṣófo lójú àwa tí a mọ̀wé ni o. Ìyá mi àti àwọn obìnrin mẹ́wàá mìíràn ti pa àtíbàbà sí etí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń fi jáàkì fún omi rẹ̀, wọ́n sì ń dín gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú gidi, èyí tó kan dáadáa, tí ẹ bá fi omi tútù mu ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín á mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé mi ti wá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ rí. Ó ní ìwé ni kí n dojú kọ, mo sì dojú kọ ọ́ títí mo fi di tíṣà, tí mi ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tó bọ́ mi.

Nígbà tí alága àdúgbò ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àbá wá lórí ohun tí a máa fi ilẹ̀ náà ṣe, inú mi dùn. Àwọn kan fẹ́ ilé epo. Àwọn kan fẹ́ gbọ̀ngàn àríyá. Ẹgbẹ́ tèmi fẹ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè á máa gbà gbé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Mo lọ sọ fún ìyá mi nílé, mo ní kó má bínú, a ó wá ibòmíràn fún wọn lọ́nà Ìlápòrú.

Ó fi Ìjẹ̀bú wa bi mí. "Wo ti kọ ọ́ tán?"

Mo ní, "Ẹ̀n, Màmá."

"Ó da. Ọ̀rọ̀ ulẹ̀ àdúgbò, ojú àdúgbò la ti ń sọ ọ́."

Inú bí mi díẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, kò bá mi jà. Mo wá gbà pé ó ti fara mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ìpàdé bọ́ sí, a kún inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ní àdúgbò wa, ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a ó sì máa gòkè lọ títí yóò fi kan àwọn àgbà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé ò ní lè sọ tinú rẹ̀ mọ́. Tí àwọn àgbà bá wá sọ tiwọn tán, kò sí ẹni tó tún ń fèsì. Mo sọ tèmi, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo jókòó, mo ń fẹ́ra bí ẹni tó ti gba ilẹ̀ náà tán. Àwọn onílé epo sọ tiwọn, àwọn onígbọ̀ngàn sọ tiwọn. Ó wá kan ẹgbẹ́ ìyá mi.

Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ dì. "Bísímílà. Ẹ̀yin ará ulé, ẹ kú ìjókòó. Mi ò mọ ùwé. Ẹ dìde, ká jọ lọ wo ulẹ̀ náà."

Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n àwọn bàbá àgbà ti mú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, ta ni yóò jókòó sílẹ̀? Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Nígbà tí a débẹ̀, ó fa ọ̀pá ọparun kan yọ lára èyí tó ṣẹ́ kù nínú ti àtíbàbà, ó ga jù mí lọ. Ó gbé e lọ sí àárín ilẹ̀, gan-an níbi tí ilé alájà mẹ́ta mi ì bá dúró sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá náà wọlẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí. Obìnrin kan wá bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì ń lọ, títí tó fi ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan lókè. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, lẹ́búlẹ́bú pákó ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó dúdú, ó sì tutù.

"Àbàtà ló wà níbí," ni ìyá mi wí. "Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú sílẹ̀ ni wọ́n fi dí i, ọdún lórí ọdún. Ẹ wo jáàkì wa, etí ọ̀nà la gbé e sí. Ibẹ̀ nìkan ni ulẹ̀ ti le. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló rì mọ́ wa lọ́wọ́ ká tó mọ̀."

Bàbá àgbà kan bú sẹ́rìn-ín. "Ilé epo lórí lẹ́búlẹ́bú pákó! Ṣé ẹ fẹ́ dín wa mọ́ gààrí ni?"

Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à bá kó sínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ìyá mi tó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lọ́wọ́, orí mi wú. Mo fẹ́ máa di èèyàn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ fún wọn pé ìyá mi nìyẹn o, ẹ wò ó dáadáa.

Mo sún mọ́ ọn. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nílé?"

"Tí mo bá sọ ọ́ nílé, wo á fa ùwé rẹ ya nítorí mi. Wọn á wá ní ìyá ló bẹ ọmọ rẹ̀ nítorí àtijẹ. Ojú gbogbo wọn ló yẹ kí ọ̀pá wọlẹ̀."

Alága ní kò sí ilé kankan mọ́. Ó ní kí àwọn onígààrí gba etí ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti le, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ wá, kí àdúgbò bá wọn ṣe òrùlé tó dára sí i. Àwọn obìnrin náà yíjú sí mi. Mo da garawa kan dojú délẹ̀, mo jókòó lé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń kà á síta.

Ìyá mi ní, "Ta ni yóò ka ìyẹn fún wa?"

Mo fa ìwé náà ya, mo bẹ̀rẹ̀ ní èdè wa. Wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Níbi tí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ ńlá dárà, wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo sì ń yọ ọ́. Nígbà tó kan ẹni tó mú àbá wá, mo kọ orúkọ ìyá mi. Ó ní kí n má gba àbá náà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Mo kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá pé, mo sì kọ tèmi sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ó na ìka sí i. "Kí lo kọ síwájú tìrẹ?"

Mo ní, "Akọ̀wé wọn ni."

Ó ní kí n tún un kà, kí gbogbo wọn gbọ́. Mo dìde lórí garawa, mo sì kà á sókè dáadáa.