Ọkọ̀ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tẹ̀ Rì

Ohun tí mo pàdánù ni ọkọ̀ ojú omi bàbá mi. Ìjì kò dà á nù, olè kò jí i, iná kò sì jó o. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó adágún omi kan nítòsí ìlú wa ni wọ́n fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí wọ́n sì tẹ́ pákó rẹ̀ sórí ẹrẹ̀ kí bàtà àlejò kan má baà dọ̀tí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba báyìí nítorí pé ó ti rẹ̀ mí láti máa ròyìn rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdúró.

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú ọlọ́kọ̀ omi. Ọkọ̀ ojú irin ni tiwa. Ṣùgbọ́n rélùwéè tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ gbé e lọ sí Jẹ́bà, ó sì pẹ́ létí odò Ọya débi pé Tápà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ọkọ̀ onípákó ìrókò fún un. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n bá a gbé e sórí wágọ́ọ̀nù ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ omi ṣe gun ọkọ̀ ilẹ̀ wọ Ọ̀fà. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkùnrin yìí fẹ́ máa tukọ̀ lọ sọ́jà.

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ni àwa mẹ́ta ti ní àṣà kan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún, a máa ń péjọ sábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́yìn ilé: bàbá mi, èmi, àti Alhaji káfíńtà kan ládùúgbò wa, tí òun náà ní ọkọ̀ omi kékeré àtijọ́ kan. A ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun mẹ́ta sára ògiri: ibi tí a ó tún ṣe lára ọkọ̀ lọ́dún náà, oṣù tí a ó gbé e sómi, àti ẹni tí a ó fi í gbé lọ gbafẹ́. Àtúnṣe nìkan ni ọwọ́ wa máa ń tó. Lọ́dún kan, ikán ti wọ ìjókòó. Lọ́dún mìíràn, gbogbo ìṣó ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Ọdún tí kò sí ìbàjẹ́ tuntun, èmi ni n kò ráyè. Gbígbafẹ́ wá di ohun tí à ń kọ bí ẹni ń kọ àdúrà. Alhaji kì í tilẹ̀ kọ tuntun. Ṣe ni ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ orí ti èṣí. Bí a bá bi í, á ní ọkọ̀ òun ń gbààwẹ̀ ni, àkókò ìṣínu kò tíì tó.

Lọ́dún yìí, bàbá mi gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ohun kan ṣoṣo ni ó kọ: *Kí n jókòó nínú rẹ̀ lórí omi.* Alhaji kà á.

Ó ní, “Bàbá, ọdún yìí ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́.”

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ṣiṣẹ́. A yọ pákó mẹ́rin tó ti jẹrà, Alhaji fá òmíràn dípò wọn. A fi òwú tí a rẹ sínú ọ̀dà dúdú dí àárín pákó gbogbo, a sì kùn ún. Èékánná mi dúdú débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bi mí bóyá mo ti di mẹkáníìkì.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ onípákó tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ kì í ti ibẹ̀ bọ́ sójú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn á ti fa igi rẹ̀ gbẹ, àlàfo á ti ṣí sílẹ̀ láàárín pákó, ọ̀dà nìkan kò sì lè dí i tán. Ohun tí Tápà yẹn kọ́ bàbá mi ni pé kí a kó òkúta sínú rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ rì síbi tí omi kò jìn, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Igi á mu omi yó, á wú, pákó á fún mọ́ pákó. Lẹ́yìn náà ni a ó kó òkúta kúrò, a ó gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, á sì léfòó. Lójú òpè, ó jọ ọkọ̀ tó ti kú.

Nítorí ojú òpè yìí ni mo ṣe kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ni àbójútó adágún náà. Mo kọ ibi tí ọkọ̀ yóò wà, ìdí tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ rì, àti ọjọ́ tí a ó yọ ọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kan pátákó mọ́ igi létí omi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bàbá mi ní pátákó á kàn júwe ibi tí ẹrù wà fún olè ni. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò fi pamọ́.

Sátidé tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ tán ni a gbé e lọ sí adágún náà, tí a sì tẹ̀ ẹ́ rì. Ní Ọjọ́bọ̀, Alhaji lọ wò ó, ó sì pè mí lórí fóònù.

“Tíṣà, ẹ máa bọ̀. Ẹ má tíì sọ fún Bàbá.”

Mo gun ọ̀kadà lọ. Láti ẹ̀bá títì dé etí omi, pákó ìrókò ni wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀, kíkùn tí a kùn ún sì ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òṣìṣẹ́ kan tó ń tú àtíbàbà palẹ̀ ṣàlàyé pé èèyàn ńlá kan ló wá ṣàbẹ̀wò, wọ́n sì ti ní kí àwọn kó gbogbo pàǹtírí inú omi kúrò kó tó dé. Mo béèrè bóyá àlejò náà gba orí pákó kọjá. Ó ní rárá, kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó wo omi, ó sì lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ègé kan. Pákó mẹ́ta ṣì dì mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Mo ti èékánná mi sí ojú àlàfo, kò wọlé. Iṣẹ́ wa ti jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà níwájú ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Ó fún mi ní àga, kò rí mi fín rárá.

Ó ní, “Ọ̀gá, ọkọ̀ tó ti rì lẹ ń wí yìí o.”

Mo gbé ẹ̀dà lẹ́tà mi síwájú rẹ̀. Ó ṣí fáìlì tirẹ̀. Òkè pátápátá ni lẹ́tà náà wà. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó kà á nìyẹn.

“Ṣùgbọ́n ẹ kò fi pátákó síbẹ̀.”

“Lẹ́tà ni mo fi sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ lu òǹtẹ̀ sí i.”

Ó ní àṣẹ wá láti òkè. Àwọn ará òkè ní kọngílá tó gba iṣẹ́ títún ibẹ̀ ṣe ló ṣe é. Kọngílá ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní kí òun tún ibẹ̀ ṣe. Mo ti rin ìrìn yẹn yípo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàtà mi mọ ọ̀nà náà jù mí lọ.

Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi, kò bínú. Ìbéèrè kan ni ó bi mí.

“Ṣé ó ti wú?”

“Ó ti wú, Bàbá. Àlàfo kankan ò sí lára rẹ̀ mọ́.”

“A jẹ́ pé ì bá gbé mi.”

Láti ìgbà náà, kò dé abẹ́ àtíbàbà mọ́. Alhaji ti ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ tirẹ̀, ó ní ààwẹ̀ ti parí, Bàbá ni òun yóò kọ́kọ́ gbé. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ òun ni òun kọ sára ògiri.

Ohun tó kọ ṣì wà níbẹ̀. N kò béèrè igi, n kò sì fẹ́ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ sí. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó gba lẹ́tà mi tí kò kà á, àti ti ẹni tó rí ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lábẹ́ omi tó sì pè é ní pàǹtírí. Ẹni tó sì pàṣẹ ayùn náà, kí ó wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní ojúmọmọ, níwájú àwọn aládùúgbò, kí ó ka ohun tí bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ, kí gbogbo wọn gbọ́ ketekete, kí ó kọjú sí ẹni tó kọ ọ́, kí ó sì dáhùn fún ohun tó ṣe.