Gọ́tà Tí Mo Bẹ̀bẹ̀ Fún

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, mo ti lo ọdún méjì gbáko ní yunifásítì n'Íbàdàn, kò sì sí ohun tí n kò mọ̀ láyé. Ó máa ń wù mí nísinsìnyí kí n tún gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà òjò kan ni mo délé fún ọlidé, ní Ìlọra, tí mo bá ẹrẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí kí wọ́n tó bí bàbá mi, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu àfi èmi tí mo wọ bàtà dúdú wálé. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó le ju èkùrọ́ lọ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà fún wa. Ìyanu ibẹ̀ ni pé wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo padà dé lọ́dún kejì, gọ́tà ti là láti ọ̀nà ọjà, ó gba iwájú ilé wa, ó sì já sí àfonífojì tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn ènìyàn ń kí mi kú iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ń dáhùn.

Inú àfonífojì yẹn ni àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ti fi amọ̀ sé odò kan, tó sì kó ẹja epìyà sínú rẹ̀. Ìlú tó mọ iṣu, tó mọ ẹ̀gẹ́, kò mọ ẹni tó ń sin ẹja. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ló bá búra níwájú mọ́ṣáláṣí pé ẹja òun ni gbogbo àdúgbò yóò jẹ lọ́dún ìtúnu ààwẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, òjò ni a fi ń kó ilẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, oníkálùkù á gbé agbọ̀n jáde: ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ adìẹ, eérú, gbogbo rẹ̀ di inú gọ́tà, omi ọṣẹ ìfọṣọ á tẹ̀ lé e. "Òjò á gbé e lọ," ni wọ́n máa ń wí. Ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n kó ajílẹ̀ òyìnbó wá fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n to àpò rẹ̀ sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n ń retí ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó pín in. Òjò kò mọ̀wé. Ó pín in fúnra rẹ̀.

Láìpẹ́, omi Bàbá Kékeré di àwọ̀ ewé, ojú oró sì tẹ́ lé e bí ẹní. Àwọn ìyá àdúgbò wá wò ó.

"Bàbá Kékeré, ojú oró ní í lékè omi! Ẹ ti lékè ọ̀tá!"

"Àmín o!" Ẹnu rẹ̀ kò ṣeé pa dé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó ojú oró yìí kúrò. Ìdọ̀tí ló ń bọ́ ọ. Tó bá jẹrà, ẹja ò ní rí èémí mí."

"Ẹja ń mí?" ni aládùúgbò wa kan wí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, kí o máa fa àdúrà àwọn àgbà tu?"

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ni Bàbá Kékeré wí. "Ìwé ló kún un lágbárí."

Ojú oró ni mo lẹ́nu láti bá wí. Ẹnu mi kò dé ọ̀dọ̀ gọ́tà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ parí. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọ̀run ṣì ṣú. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a bá àwọn epìyà tí wọ́n yọ ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń là á, tí wọ́n ń pa á dé.

"Ebi ń pa wọ́n!" ni Bàbá Kékeré wí tayọ̀tayọ̀, ó sì da odidi agbọ̀n eèrí àgbàdo lé wọn lórí.

Kí a tó kírun ọ̀sán, gbogbo wọn ti yí ikùn funfun sókè.

Àwọn abánikẹ́dùn dé, wọ́n mú ìdájọ́ lọ́wọ́. "Ọ̀tá ló da oògùn síbẹ̀." Wọ́n ka orúkọ ọ̀tá títí, kò kan gọ́tà. Ẹlòmíràn nínú wọn tún da omi ọṣẹ sínú rẹ̀ bó ṣe délé. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò sí aládùúgbò wa tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré dìde, ó fẹ́ lọ ká a mọ́lé.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. "Bàbá, kì í ṣe òun. Gọ́tà ni."

Ó wo gọ́tà, ó wo omi, ó wá wò mí. "Gọ́tà tìrẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó jókòó padà. Nígbà tó tún dìde, ọkọ́ méjì ló mú, ó gbé ọ̀kan fún mi. A jọ já amọ̀ tó fi sé odò. Omi náà ya lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú òkú ẹja àti òórùn rẹ̀.

"Ibo ló ń lọ báyìí?" ni mo bi í.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bèèrè," ni ó wí, kò sì yíjú sí mi.