Àmín Tó Gba Ṣọ́ọ̀bù fún Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pè wá ní akànda ẹ̀dá lónìí, ẹ ṣé o. Nígbà tí òfin tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Gánà, arọ lásán ni wọ́n ń pè wá ní Accra níbí. Ọdún náà ni wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò lẹ́bàá títì ní Circle, kí á kó lọ sọ́jà tuntun. Èmi Rìsí aránṣọ, tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ ni mo fi ń rìn, òkè kejì ni wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bí n kò bá rí ti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Kofi afọ́jú, tó ń hun apẹ̀rẹ̀, ni olórí àwa akànda ọjà náà. Àwa mẹ́jọ gbé páálí tí a kọ ohun tí a ń fẹ́ sí, a jókòó síwájú ọ́fíìsì ọjà. Àṣìṣe wa ni pé ọjọ́ Jímọ̀ la mú, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí sì ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà.

Háà! Ìrun parí, sààrà bẹ̀rẹ̀. Màsà dé, wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, dé. Ìyá kan gba páálí lọ́wọ́ mi, ó fi tẹ́ oúnjẹ. Kofi ń pariwo, "Kí la fẹ́?" Kò sẹ́ni tó dáhùn, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Inú bí mi débi pé ẹkún fẹ́ bọ́, bẹ́ẹ̀ màsà ló kún mi lẹ́nu.

Alhaji Sùlé, ọ̀rẹ́ bàbá mi, yọ sí mi.

"Rìsí! Ìwọ náà ló ń ṣagbe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, n kò ṣagbe. Ìwọ́de la wá ṣe."

"Ìwọ́de? Lórí ìjókòó?"

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọjà fúnra rẹ̀ ti kírun dé. Ó gbé wáákyé lé mi lẹ́sẹ̀, ó lóṣòó, ó tẹ́wọ́ gba àdúà bí olóore ti í ṣe. Mo ní, ó tán! Mo fi Hausa gbà á kí gbogbo èrò lè gbọ́: "Ọlọ́run, bí ọ̀gá yìí bá fún èmi àti Kofi ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, gbé e ga. Bí kò bá fún wa, jẹ́ kó mọ bí àtẹ̀gùn ṣe ń rí lójú mi."

"Àmín!" Ọ̀gá ti ṣe àmín kó tó yé e. Ti Alhaji ló lọ sókè jù.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Kofi gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù, tí n kò dárúkọ nínú àdúà, kò rí nǹkan kan gbà, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìwé tí wọ́n kọ sí wa kò dárúkọ òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wa. Wọ́n ní ojú àánú ni. Mo ti ránṣọ níbẹ̀ títí irun mi fi funfun, mo sì kọ́ ọmọ mọ́kànlá níṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkè ni ilé ìtọ̀ wà. Bí mo bá ti jáde nílé láàárọ̀, n kì í fẹnu kan omi títí n ó fi padà.